Bí a Ṣe Ń Múra Ilé Ìtura Sílẹ̀ De Ìgbà Ìjì Líle ní Etíkun Texas

Ìgbà ìjì líle lórí òkun Atlantic máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ó sì máa ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kẹjọ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì tó lágbára jù lọ, orí ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìgbì afẹ́fẹ́ tó bí wọn ti máa ń ṣẹ̀ wá; yóò gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Cape Verde kọjá, omi òkun tó gbóná yóò máa bọ́ ọ lọ́nà, títí yóò fi di ohun tó ń wó ilé ní Caribbean, ní Florida, ní Louisiana àti ní Texas. Etíkun Texas ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé yìí, láti Galveston dé agbègbè Houston, nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, àlàyé náà sì wà fún ẹni tó bá ní ilé ìtura tàbí tó jẹ́ alákòóso rẹ̀ láàárín wọn.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìmúrasílẹ̀ yìí ló ní àkókò tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tì. Ìlẹ̀kùn ìdójútòfò ló máa ń kọ́kọ́ tì, ti pákó tí a ń kàn mọ́ fèrèsé ló sì máa ń tì kẹ́yìn. Síbẹ̀, pákó yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ rà. Bí ohun gbogbo ṣe ń tì tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ fi to iṣẹ́ yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú fáìlì. Ìwé ìdójútòfò tí ẹ ní lórí ilé kì í sábà bo òfò tí omíyalé bá fà. Ti omi ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP. Lábẹ́ ètò yìí, ilé okòwò lè gba ìdójútòfò tó tó 500,000 dọ́là lórí ilé fúnra rẹ̀, àti 500,000 dọ́là mìíràn lórí ẹrù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán ìjì hàn ti pẹ́ jù. Ti afẹ́fẹ́ náà tún yàtọ̀. Ní àwọn káńtì 14 tó wà létí òkun Texas, ọ̀dọ̀ Texas Windstorm Insurance Association, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TWIA, ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń gbà á, àjọ yìí kì í sì í gba oníbàárà tuntun nígbà tí ìjì líle bá ti wọ inú Gulf of Mexico. Wọn yóò tún béèrè ìwé ẹ̀rí WPI-8, tó ń fi hàn pé ilé náà tẹ̀lé òfin ìkọ́lé tó wà fún afẹ́fẹ́ líle. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe kankan pààrọ̀ òrùlé yín láìjẹ́ pé àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ti wá wò ó.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n kọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san sí kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó dá sí i. Fún ìjì líle, iye yìí sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú iye tí wọ́n fi bo ilé náà. Bí wọ́n bá fi mílíọ̀nù 3 dọ́là bo ilé yín, tí ìwé sì sọ pé 5%, a jẹ́ pé 150,000 dọ́là ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ó dára kí onílé mọ èyí nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí ó ṣì lè bá báǹkì sọ̀rọ̀, ju kí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí òrùlé ti ṣí. Ẹ tún béèrè bóyá ìdójútòfò yín bo owó tó yẹ kó máa wọlé ní àkókò tí ilé bá wà ní títì fún àtúnṣe, nítorí pé owó oṣù àti gbèsè báǹkì kì í dúró de agbaṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná, ilé ìfọṣọ àti òrùlé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sí ibi tí omi kò lè dé.

Lẹ́yìn ìwé ni òrùlé. Etí òrùlé ni afẹ́fẹ́ ti máa ń wọlé. Tí ó bá ti rí ibi kékeré kan gbé sókè, yóò ká ìyókù, òjò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti àjà òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí yàrá tí afẹ́fẹ́ kò fọwọ́ kàn rárá yóò fi bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gun òrùlé lọ ṣáájú oṣù Kẹfà, kí ó wo gbogbo etí rẹ̀, kí ó kó ìdọ̀tí kúrò nínú ọ̀nà omi, kí ó sì wo bóyá àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè dè mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò dè dáadáa yóò já, yóò sì ṣí ihò sílẹ̀ níbi tí ó ti já.

Ní ti fèrèsé, gíláàsì tí wọ́n ṣe fún ìjì àti ìbòrí onírin ló dára jù. Bí agbára kò bá ká a, ẹ lo pákó plywood tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ ju 5/8 íńṣì lọ, ṣùgbọ́n ẹ gé e sílẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì dára, kí ẹ kọ nọ́ńbà fèrèsé kọ̀ọ̀kan sí ara tirẹ̀, kí ẹ sì ti fi ohun tí yóò di ìdè mú sínú ògiri sílẹ̀. Fèrèsé ilé ìtura pọ̀ ju èyí tí ènìyàn méjì lè kàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ. Téèpù tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kò wúlò fún ohunkóhun. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó gbẹ, ẹ wo pátákó orúkọ ilé yín bóyá ó dúró gbọn-in, kí ẹ sì ní ibi tí àga etí odò ìwẹ̀ yóò wọ̀ sí. Ẹ má ṣe fa omi odò ìwẹ̀ gbẹ, nítorí pé omi inú ilẹ̀ lè ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbé e sókè; ẹ kàn pa iná tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Omi ló yẹ kí a bẹ̀rù jù lọ, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ìpele 1 sí 5 tí wọ́n máa ń pè lórí rédíò, ìyára afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń wọ̀n: ìpele 1 bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 74 ní wákàtí kan, ìpele 5 sì bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 157. Kò sọ ohunkóhun nípa omi. Ìjì Ike tó wọ Galveston ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2008, ìpele 2 ni, síbẹ̀ omi òkun tó tì wá sórí ilẹ̀ gbá ọ̀pọ̀ ilé lọ ráúráú ní Bolivar Peninsula lẹ́bàá Galveston. Harvey ní 2017 kò tilẹ̀ lágbára mọ́ ní ti afẹ́fẹ́ nígbà tó dúró sórí agbègbè Houston, òjò tó rọ̀ ní Nederland, ìlú kan ní Texas, sì tó 60.58 íńṣì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí onílé tó lè kọ̀ fún un, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó sí ojú òkun, kí ó sì mọ agbègbè ìsákúrò tí ó wà. Ohunkóhun tó bá ṣe é gbé kúrò nílẹ̀, bí àpótí iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àlejò, àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ gbé e lọ sókè nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe ilé. Ẹ jẹ́ kí púlọ́mbà fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi ẹ̀gbin padà wọlé sí ẹnu páìpù. Bí ìjì bá sì ń bọ̀, ẹ gbé lífíìtì lọ dúró sí àjà òkè kí ẹ tó pa iná rẹ̀, torí pé lífíìtì tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ ni omi máa ń bá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024, ìjì Beryl wọlé lẹ́bàá Matagorda. Ìpele 1 péré ni, àmọ́ oníbàárà iná tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló wà nínú òkùnkùn ní agbègbè Houston, àwọn kan fún ọjọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nínú ooru tó ń pa ènìyàn. Ẹ jókòó pẹ̀lú oníṣẹ́ iná, kí ẹ ṣe ìpinnu lórí ohun tí jẹnẹrétọ̀ yín yóò gbé: iná ọ̀nà àbáyọ, agogo tó ń kìlọ̀ bí ilé bá ń jó, ẹ̀rọ omi, fíríìjì, àti yàrá kan tó tutù fún àgbàlagbà àti ọmọ kékeré. Ẹ máa tàn án lóṣooṣù, kí ẹ sì gbé ẹrù lé e lórí, nítorí pé èyí tó ń dún dáadáa láìgbé nǹkan kan lè kú lójijì nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹ ti bá ẹni tó ń ta dísù ṣe àdéhùn sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ alágbèéká gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò kìlọ̀, ó sì máa ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Káàdì ni wọ́n fi ń ṣí yàrá ní ọ̀pọ̀ ilé ìtura, bátìrì ló sì ń gbé títì ẹnu ọ̀nà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kọ káàdì tuntun nílò iná. Nítorí náà, ẹ ní kọ́kọ́rọ́ gidi, ẹ tẹ orúkọ àlejò àti nọ́ńbà yàrá wọn sórí ìwé, kí ẹ sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn inú ilé ló wá kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà ìjì, ẹni tí yóò dúró nínú òṣìṣẹ́ àti ẹni tí yóò lọ. Òṣìṣẹ́ tó ní ọmọ kékeré tàbí òbí àgbà nílé, ẹ má ṣe fi dandan mú un dúró. Ẹ jẹ́ kí àlejò mọ̀, láti ọjọ́ tí ó ti ń gba yàrá, bí owó rẹ̀ yóò ṣe padà bí ìjì bá dé. National Hurricane Center, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìjì líle, tó wà ní Miami, máa ń ṣe ìkéde àkọ́kọ́ ní 48 wákàtí, èyí tó le jù sì ní 36 wákàtí, ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí kí afẹ́fẹ́ líle kọ́kọ́ dé. Ẹ má ṣe dúró de èyí tó le jù. Nígbà tí ìjì Rita ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2005, àwọn tó sá kúrò ní Houston àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ débi pé ojú ọ̀nà dí pa, mọ́tò ń tán epo nínú ooru, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́ kí ìjì tó dé. Bí ìjọba bá ti ní kí agbègbè yín kúrò, gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ kúrò, alákòóso náà kò sì gbọ́dọ̀ dúró ṣọ́ ilé. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Bí ilé ìtura yín bá jìnnà sí etíkun, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn tó ń sá yóò wá sí. Lẹ́yìn tí gómìnà bá ti kéde pé àjálù ti dé, òfin Texas kò gba kí ẹnikẹ́ni bu owó gọbọi lé ibùgbé. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, ẹni tó sá fún omi wá bá yín kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìṣòro rẹ̀ pawó.

Ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀ bí ẹ bá ti ṣe èyí tó ṣáájú. Ẹ kó ohun tó wà níta wọlé, ẹ kan pákó, ẹ sọ fíríìjì di tútù jù lọ, ẹ pọn omi sínú àwọn ìkòkò ńlá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ní omi mímu gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì pa gáàsì.

Lẹ́yìn ìjì, ẹ má ṣe padà kí ìjọba tó yọ̀ǹda, ẹ má sì ṣe tan iná ní ilé tí omi ti wọ̀ kí oníṣẹ́ iná tó wò ó. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbá ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pẹ́ púpọ̀, nítorí pé láàárín 24 sí 48 wákàtí ni ògiri àti kápẹ́ẹ̀tì tó tutù yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Oúnjẹ inú fíríìjì tí iná ti lọ lórí rẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ dà á nù. Ti fíríísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè tó wákàtí 48. Àwọn agbaṣẹ́ṣe àjèjì yóò máa kan ìlẹ̀kùn, wọn yóò fẹ́ gba gbogbo owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fún wọn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí òfò náà. TWIA fún yín ní ọdún kan láti sọ fún wọn, àmọ́ ìwé ẹ̀rí òfò ti NFIP gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn láàárín 60 ọjọ́ sí ọjọ́ tí omi wọlé, àfi bí ìjọba bá sún un síwájú. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́.