Àṣìkọ ló wà nínú ìwé ilẹ̀ bàbá mi

Ọlátúnjí ni bàbá mi ń jẹ́. Ọlátúndé ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ wọn ní Bọ́lọ́rundúró, Iléṣà níbí, kò sì sẹ́ni tó fura títí bàbá fi kú. Ọjọ́ tá a fẹ́ pín ogún ni lọ́yà gbójú sókè tó ní, "Mà, ta ni Ọlátúndé?"

Àbúrò mi ti gbé Tipp-Ex. Mo gbá a lọ́wọ́. Ìwé tó ti wọ rẹ́jísírì ìjọba, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín tún un kọ, ayédèrú lẹ sọ ọ́ dà yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Nọ́ńbà, ojú ìwé àti fọ́líọ́ọ̀mù (ìdìpọ̀ rẹ́jísírì) tó wà lára ìwé yín ni wọ́n á fi wá a. Ti bàbá mi ti wà kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Ìbàdàn ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí fáìlì wà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Tó bá jẹ́ pé akọ̀wé ló ṣì í kọ sí rẹ́jísírì, lẹ́tà lẹ máa kọ sí wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú ìwé gan-an ni àṣìṣe wà, bíi tiwa, lọ́yà á kọ ìwé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní deed of rectification: ọjọ́ ìwé àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣì kọ, ohun tó yẹ kó jẹ́, àti pé ìyókù ò yí padà.

Olùtà àti olùrà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Olùtà ti kú, àwọn ọmọ tí kóòtù fún níwèé àṣẹ lórí ogún rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, bí àwa náà ṣe fọwọ́ sí i ní ipò bàbá. (Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí ni.) Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ olùtà ní ká mówó wá ná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ò fẹ̀ sí i o, 'jí' la fẹ́ fi rọ́pò 'dé'." Kò gbọ́. Ọmọ òṣómàáló sì ni mí: mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ títí ó fi mú bírò. Ká ní ó kọ̀ jálẹ̀ ni, kóòtù ló kù.

Ẹ fi ìwé ìbúra láti Kóòtù Gíga àti ìwé ẹ̀rí ikú tì í, ẹ san owó sitáǹpù, kẹ́ ẹ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà òpó ààlà ló ṣì, awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sórí ilẹ̀. Lọ́yà nìkan ò lè ṣe é.

Kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kà á sókè. Ọmọ mi ka tiwa: Ọlátúnjí pé. Àṣé "dé" tá a lé kúrò lára bàbá ti sá lọ sí àdúgbò. Bọ́lọ́rundé ni wọ́n tẹ̀.