Òfin tó máa sọ pé àkójọ kan lópin: kí ló dé tó ń kùnà?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi lọ́jíìkì ìpele kìíní (èyí tó ń sọ "gbogbo" tàbí "ó wà" nípa ẹyọ ohun inú àkójọ nìkan) kọ òfin kan tó máa bá gbogbo àkójọ tó lópin mu, tí kò sì ní bá èyí tí kò lópin mu rárá. Gbogbo èyí tí mo kọ ló ń kùnà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má wá a mọ́, kò sí. Ìpele kìíní lè sọ pé ohun inú àkójọ kò ju 7 lọ. Kò lè sọ pé iye kan ṣáà wà tí kò jù lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí G2 jẹ́ "ó kéré tán, ohun 2 ló wà" (x wà, y wà, x kì í ṣe y), kí G3 jẹ́ ti 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní òfin yín wà, ká pè é ní F. Ẹ da F pọ̀ mọ́ gbogbo G. Ìwọ̀nba yòówù tí ẹ bá bù nínú wọn, tí èyí tó ga jù níbẹ̀ bá jẹ́ G50, àkójọ oní-50 máa bá a mu. Kurt Gödel sì ti fi hàn ní 1930 pé bí gbogbo ìwọ̀nba tó lópin bá ti rí ohun tó bá a mu, odindi náà máa rí i. Àkójọ kan wà nígbà náà tó bá F àti gbogbo G mu, kò sì lè lópin. F ti gba ohun tó yẹ kó kọ̀.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ bọ́ sí ìpele kejì, níbi tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀ nípa gbogbo fọ́ńṣọ̀n (ìlànà tó ń gbé ohun kọ̀ọ̀kan sórí ẹyọ ohun kan): "Fọ́ńṣọ̀n yòówù láti inú àkójọ sí inú ara rẹ̀, bí kò bá ti gbé ohun méjì sórí ẹyọ kan, kò ní fo ẹyọ kankan." Èrò Richard Dedekind ní 1888 nìyẹn. Ẹ dán an wò lórí 0, 1, 2...: n sí n+1 kò pa méjì pọ̀, ṣùgbọ́n ó fo 0, nítorí náà àkójọ yẹn kò lópin. Ẹ rántí pé àbájáde Gödel tí a lò lókè kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìpele kejì.

Ìbéèrè: Ṣé ó bá "a lè kà á láti 1 dé n" dọ́gba?

Ìdáhùn: Ohun tí a lè kà dé n máa ń bá ti Dedekind mu. Láti ti Dedekind padà sí kíkà dé n, ẹ nílò òfin yíyàn (èyí tó ní a lè mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ àkójọ tí kò ṣófo, bí àwọn àkójọ náà kò tiẹ̀ lópin), bó tiẹ̀ jẹ́ èyí tí kò lágbára púpọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó, ẹ mú ti Alfred Tarski ní 1924: àkójọ kan lópin bí gbogbo ìdìpọ̀ àwọn apá rẹ̀, tí ìdìpọ̀ náà kò bá ṣófo, bá ní apá kan tí kò sí òmíràn nínú ìdìpọ̀ yẹn tó wà nínú rẹ̀. Kò dárúkọ òǹkà kankan, ó sì bá kíkà dé n dọ́gba láìsí òfin yíyàn.