Bí Ẹ̀yin àti Ọ̀rẹ́ Yín Ṣe Lè Wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta Lọ sí Àgbádárìgì Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Bí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Ajé, ààyè ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù, ó sì tó láti fi rí Àgbádárìgì dáadáa. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò nira láti rìn, nítorí pé àwọn ibi tí àlejò ń wá lọ sún mọ́ ara wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ń tán ni lókun. Ẹni tí ó bá ṣètò ọ̀nà dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́, ìdí nìyí tí n ó fi pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó débi ọkọ̀, ẹ jókòó sọ̀rọ̀ owó. Iye kan náà ni kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú wá, kí ẹ kó o sínú àpò kan, kí ẹnì kan máa ná an, kí èkejì sì máa kọ ohun tí wọ́n ná sínú fóònù rẹ̀. Ètò yìí sàn ju kí ẹ máa sọ pé “sanwó tèmi, n ó fún ọ tí a bá délé” lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń di ìjà abẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Owó ọkọ̀ kò dúró sójú kan mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ó sì tún máa ń gbówó lórí sí i tí ọdún bá dé, nítorí náà ẹ ya gáréèjì lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìnàjò kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Kọ̀ǹdọ́ ojú ọ̀nà Èkó kì í dúró ṣe àlàyé, “Ẹ mú ṣéńjì yín dání o, n ò ní ṣéńjì!” ni yóò kọ́kọ́ ké, bí ẹ bá sì na owó ńlá sí i, ó lè so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, kí ó ní kí ẹ lọ pín in nísàlẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ san owó yín lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀rọ̀ náà má baà dé ibẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ wọkọ̀ Òṣòdì ní Kútọ̀, èyí tí ó sábà máa ń gba Ṣíún àti Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti Òṣòdì, ẹ óò wọ òmíràn lọ sí Máìlì Tù, níbi tí àwọn ọkọ̀ Àgbádárìgì wà. Èkejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ni kí ẹ wọ ọkọ̀ tí ń gba Ìfọ̀ àti Sàngó-Ọ̀tà, kí ẹ sọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà, kí ẹ gba Ìgàndó dé Ìyànà-Ìbá, kí ẹ sì wọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gbà yín lọ́wọ́ èrò Òṣòdì, níbi tí ẹni tí ó ru báàgì sẹ́yìn kì í ti í ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi awakọ̀ léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Sàngó ni ẹ máa gbà àbí Ṣàgámù?” torí pé orúkọ tí wọ́n ń pè kò fi ọ̀nà tí wọ́n máa tọ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin lè wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Ládẹ̀rìn, kí ó sọ̀ ní Agége, kò sì jìnnà sí Ìyànà-Ìpájà mọ́. Ẹ kàn rí i pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú.

Ohun tí mo rọ̀ mọ́ jù ni pé kí ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ má tan ara yín pé ẹ óò jáde lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣíwọ́ iṣẹ́, nítorí pé ìgbà náà ni gbogbo Èkó ń darí sílé, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òkókómáíkò sì lè jẹ wákàtí tí ẹ kò ní sí i.

Ẹrù yín kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ lè gbé lé itan lọ. Aṣọ pàṣípààrọ̀, sálúbàtà tí ó ní okùn lẹ́yìn, aṣọ ìnura, oògùn tí ẹ ń lò àti páwà báǹkì ti tó. Ẹ fi àdìrẹ Ìtòkú tuntun sílẹ̀ nílé, àfi tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tí aró rẹ̀ kò ṣí mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó bá jókòó tì yín nínú ọkọ̀ ojú omi yóò bá yín pín nínú rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tí ó lọ sí ẹnu ibodè Bẹ̀nẹ́ ni ẹ ń tọ̀, nítorí náà bí ẹ bá ti kọjá Agbárá, àwọn ọlọ́pàá, aṣọ́bodè àti òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de lè dá ọkọ̀ dúró léraléra. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín, kí ẹ má sì yọ fóònù láti fi yà wọ́n.

Ẹ ti wá ilé ìtura kí ẹ tó dé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láago láti mọ̀ bóyá yàrá ṣì wà, nítorí pé èrò ìsinmi kì í kéré. Bí ẹ bá dé kí oòrùn tó wọ òòró gangan, ẹ gbé ẹrù sílẹ̀ kí ẹ lo ìyókù ọjọ́ náà nínú ìlú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní ìdí tirẹ̀ láti rìn níbẹ̀. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n ti Sierra Leone bọ̀, gúnlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n ń padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ náà ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé ní oṣù Kẹsàn-án 1842, kí ó tó wá sọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Igi Agíà, tí àwọn míṣọ́nárì wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀, ti wó ní 1959, ṣùgbọ́n ọwọ̀n ìrántí wà níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì bẹ̀rẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845, kọjú sí ọ̀sà. Ẹ gun òkè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass. Ọmọ Jọ́gà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ẹ wo àwọn yàrá tóóró tí fèrèsé wọn kò ju ihò lọ, tí amọ̀nà yóò sọ fún yín pé ogójì ni wọ́n jẹ́, kí ẹ sì dúró nínú ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ní ilé ìdílé Mobee, ẹ óò rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gidi, àti èyí tí wọ́n rọ kéékèèké fún ọwọ́ ọmọdé. Èmi kò fara mọ́ kí ènìyàn máa ya fọ́tò ẹ̀rín níbẹ̀. Wọ́n ń gba owó ìwọlé ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má gbára lé tiráńsífà nìkan.

Ọjọ́ kejì ni ti omi. Ẹ̀yìn ọ̀sà ni ìlú wà, òkun wà ní òdìkejì, nítorí náà ẹ óò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Màrínà kọjá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fù. Ẹ dúnàádúrà iye àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra bí kò bá fún yín ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Láti etí ọ̀sà, ẹ óò rin ọ̀nà oníyanrìn láàárín igi àgbọn, ẹ óò kọjá kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí tí ẹ óò fi dé etíkun tí wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹ tètè lọ ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, yanrìn náà ń jó ẹsẹ̀.

Ní ti wíwẹ̀, òkun kì í ṣe odò Ògùn. Ìgbì ibẹ̀ le, omi tí ń padà sí inú òkun sì lè fa ẹsẹ̀ ẹni tí omi kò tíì ju orúnkún rẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan máa wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, kí ojú rẹ̀ wà lára èkejì, kí ẹ sì máa pààrọ̀. Bí omi bá gbé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó má bá a jìjàkadì láti darí tààrà sí èbúté. Kí ó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ agbára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń tán.

Ẹja tútù àti ẹja yíyan kò wọ́n láti rí, àgbọn sì pọ̀. Ègùn ni àwọn onílé ń sọ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Yorùbá, ẹ kò sì ní ṣìnà.

Ní ọjọ́ tí ẹ óò padà, aago méje òwúrọ̀ ni kí ó bá yín ní gáréèjì. Ẹ má ra ìrẹsì òkèèrè, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó, torí pé àwọn aṣọ́bodè kan náà ni ẹ óò tún bá lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dé Ìyànà-Ìpájà, ẹ wá ọkọ̀ tí ó wà nínú gáréèjì dípò èyí tí ń sáré kó èrò létí títì, kí ẹ sì ṣírò ìyókù owó àpò náà bí ẹ bá ti jókòó, kí ẹ pín in kí ọkọ̀ tó dé Sàngó.