Ẹ wo okùn kí ẹ tó kọ kóòdù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin oníṣòwò òkúta wa ní Kàbà àti Ìsánlú. Tí ẹ bá ń kó ágéètì tàbí amẹ́tísítì, àwọn òkúta ọ̀ṣọ́, wọlé, ẹ má kàn kọ "òkúta" sínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù; ẹ kọ kóòdù rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ irú ọjà. Èyí tí wọ́n kàn fi ayùn rẹ́, 7103.10 ni. Èyí tí wọ́n lọ̀ títí ó fi ń dán, 7103.99.

Okùn tí wọ́n sín òkúta sí gan-an ló ń dààmú èèyàn. Bí wọ́n bá kàn sín in sí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà dànù lọ́nà, kò kúrò ní 7103. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ẹ̀gbà ọrùn tó ní ìkọ́, 7116 ni. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì, 7018. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya fọ́tò okùn náà kí ẹrù tó gbéra.