Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Àlòkù Kan Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Àtúnṣe

Àgbà tó fẹ́ wọ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ dúró de kíláàsì kó tó fọwọ́ kan irin. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó ti kú ni mo fi kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà: tí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù á yí, àmọ́ ojú skíríìnì á ṣókùnkùn biribiri. Ẹ má fi laptop bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ há, wọ́n sì ti jó púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́.

Irinṣẹ́ mi ò pọ̀: screwdriver Phillips (ẹlẹ́nu àgbélébùú) nọ́ńbà 2, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ìrésà, thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lórí prosẹ́sọ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ), isopropyl alcohol tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìwé kan. Ìwé yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ohunkóhun tí mo bá dánwò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èsì rẹ̀, torí pé ẹni tó kàn ń pààrọ̀ ẹ̀yà títí ẹ̀rọ á fi jí kò tíì mọ ohun tó pa á.

Mo yọ wáyà kúrò lára iná, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí iná tó ṣẹ́kù lè tán. Mo wá ya fọ́tò gbogbo wáyà kí n tó yọ ẹyọ kan. Àwọn tín-ín-rín tó ti iwájú àpótí wá ló ń da ọ̀gbẹ̀rì láàmú jù. Bí ẹ bá gbé ti bọ́tìnnì síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ kò ní tàn rárá.

Power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo yọ ọ́ lára motherboard, mo fi wáyà kékeré so wáyà aláwọ̀ ewé inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu 24 mọ́ dúdú kan, lẹ́yìn náà ni mo tó tan án. Wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6 volt, pupa 4.75 sí 5.25, aláwọ̀ ọsàn 3.14 sí 3.47. Tèmi mú 12.1, 5.03 àti 3.31, ara rẹ̀ le. Àpótí power supply fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i láé: kapásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, lè di iná tó ń pa èèyàn mú lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára iná.

Ó ku RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: ẹyọ méjì, 4 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ méjèèjì, mo fi ìrésà rọra pa ẹnu wọn tó ń dán bíi wúrà, mo gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Mo dá ẹyọ kìíní padà sí ihò kìíní, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìdè rẹ̀ fi dún kó! Skíríìnì tàn. Mo yọ ọ́, mo fi ẹyọ kejì sí ihò yẹn kan náà: òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ á dúró níbẹ̀, àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá ihò kejì náà dáa. Mo gbé ẹyọ kìíní síbẹ̀, skíríìnì tún tàn. Ìyẹn ni pé ihò méjèèjì dáa, ẹyọ kejì ló kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ tàbí tí mo bá fi í sí ihò, mo ti pa iná. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3 ni, ẹnu rẹ̀ 240, ti DDR4 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 288, wọn kì í wọ ihò ara wọn. Bí kò bá wọlé, ẹ má fipá tì í.

Aago ẹ̀rọ náà tún ń padà sẹ́yìn, torí bátìrì CR2032 tó yẹ kó mú 3 volt ti já sí 2.4. Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Thermal paste tó wà lórí prosẹ́sọ̀ ti gbẹ bí ẹrẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná díẹ̀, mo pa á, mo yọ wáyà iná, mo wá rọra yí irin ìtutù sọ́tùn-ún sósì kó tó tú. Ẹni tó bá fà á sókè lójijì lè fa prosẹ́sọ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi alcohol nù ún mọ́, mo fi tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kékeré sí àárín. Mo dá irin ìtutù padà, mo di ìdè rẹ̀ ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀.

Mo fi SSD, ibi ìpamọ́ tó yára tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò disk àtijọ́. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan, ẹ̀rọ yìí ò ní in, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní October 14, 2025, nítorí náà Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, ni mo fi sí i láti orí flash 8 GB.

Ẹ̀rọ yẹn kan náà ni mo fi ń kàwé fún CompTIA A+, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìdánwò méjì, 220-1201 àti 220-1202, ìṣẹ́jú 90 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 675 ló ń gbani là nínú ti àkọ́kọ́, 700 nínú ti kejì, lórí òṣùwọ̀n tó dé 900. Tí ìwé bá dárúkọ SATA, ọ̀nà tí wọ́n fi ń so disk, màá ṣí àpótí, màá ka ẹnu rẹ̀: 7 fún dátà, 15 fún iná.