Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Abiyamọ Tó Ń Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ó máa ń dùn mí wọra bí abiyamọ bá ná owó gidi sórí páǹpù ọmú, tó wá jẹ́ pé ọ̀sán Mọ́ńdè tó wọṣẹ́ padà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú páálí rẹ̀. Ọmú ti le bí òkúta níbi iṣẹ́, ọmọ ń ké nílé, kò gba fídà.

1. Sísáré ra páǹpù. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ fún wàrà. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò sókè, ìka tó tẹ̀ lé e sísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọ̀ dúdú tó yí orí ọmú ká. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, kí ẹ tó fún un. Kò gba iná, kò gba kọ́bọ̀. Páǹpù tí ẹnu rẹ̀ há máa ń bó orí ọmú, bó ti wù kó wọ́n tó.

2. Dídúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ti àárọ̀ tán. Ẹ fojú bu 30 mílílítà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ ò ní sí nílé. Ẹni tó jáde láago mẹ́fà àárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kó dé títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 360 ló nílò. Ẹ pín in sínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún wàrà ọmú, ní 60 tàbí 90, kí àjẹkù má baà pọ̀.

3. Àìkọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Èyí ló ń ká mi lára jù. Wàrà tó sùn mọ́jú nínú fíríìjì máa ń pín sí méjì: ọ̀rá á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Màmá tó ń bá yín tọ́jú ọmọ á gbé e sókè, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní "èyí ti kan," wọ́n á dà á nù. Làálàá ọjọ́ méjì ti ṣòfò. Kò bàjẹ́ o. Kí wọ́n kàn rọra mì í ni. Ẹ má fi ìbínú sọ ọ́, ẹ má sì rán ọmọ ọ̀dọ̀ sí wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bá mi wò ó," kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ki ìgò bọ inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́. Kì í gun iná, kì í wọ máíkírówéfù, torí apá kan lè gbóná jó ọmọ lẹ́nu. Èyí tí ọmọ mu kù, wákàtí méjì péré. Èyí tó ti yọ́ kì í padà sí fírísà. Wàrà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, ní ẹ̀yìn pátápátá, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn. Níta, wákàtí mẹ́rin bí yàrá bá tutù. Nínú ooru wa, kò tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, kúlà tó ní yìnyín máa ń gbé e fún wákàtí 24. Ẹ kọ déètì sí i lára.

Omi àti àgbo kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún abiyamọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó wọṣẹ́ padà, ẹ kọ aago tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n darí yín sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti lọ fún wàrà.

Ẹ má fo àsìkò fífún nítorí ìpàdé. Bó bá ti ń tó wákàtí mẹ́ta, ẹ dìde. Ọmú tó kún tí a ò fún, wàrà rẹ̀ á máa dín kù, ó sì lè di kókó. Bí ibà bá tẹ̀ lé kókó náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.