Ẹ fi iyọ̀ yẹ àgbàdo yín wò kẹ́ ẹ tó dì í sápò

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ̀ ń kó àgbàdo pa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi eyín gé e kẹ́ ẹ ní ó ti gbẹ o. Hóró kọ̀ọ̀kan yẹn, odindi èso ni, èèpo èso ló lẹ̀ mọ́ kóró inú ẹ̀ pátápátá, ẹ̀yìn ẹ̀ lè gbẹ kómi ṣì wà nínú. Ẹ wá ìgò tó gbẹ dáadáa, ẹ da àgbàdo sí i, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ nìyẹn, ẹ tún un sá, orí tapólì o, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí èbu tó ń mú májèlé wá. Èyí tẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣan iyọ̀ ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ sè é jẹ, ẹ má gbìn ín.